Òwúrọ̀ Ẹni Tí Ó Ní Àrùn Jẹjẹrẹ

Ní Festac, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ènìyàn ti ń jáde. Ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó ti kọrí sí Mile 2. Àwọn ọmọ iléèwé ń wẹ̀. Alákàrà ti gbé epo kaná. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan tàbí òmíràn, ẹnì kan wà tí kò lè yára dìde. Ó ní àrùn jẹjẹrẹ, ó sì ń gba ìtọ́jú. Òun ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé.

Láti ọdún 2019 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti wà nínú ọgbà LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń gba oògùn níbẹ̀ tàbí ní ọsibítù mìíràn, wọn a sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Dókítà kì í bá wọn délé. Ilé ni iṣẹ́ ìṣọ́ra pọ̀ sí.

Oògùn jẹjẹrẹ, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní kímò, ń pa ohun tí ó ń yára dàgbà nínú ara. Jẹjẹrẹ ń yára dàgbà. Ìdí nìyẹn tí oògùn náà fi ń bá a jà. Ṣùgbọ́n irun orí náà ń yára dàgbà. Awọ inú ẹnu náà bẹ́ẹ̀, àti mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn dàbí ti sójà. Ẹ̀jẹ̀ funfun ni à ń pè wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń bá kòkòrò àrùn jà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn kímò, wọ́n sábà máa ń dín kù púpọ̀. Ẹnubodè á ṣí sílẹ̀, sójà kò sì tó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan ń gbé ní Second Avenue. Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ó gba kímò. Ó jí ní òwúrọ̀, ara rẹ̀ gbóná, òtútù sì ń mú un. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

“Ọmọ mi, lọ bá mi ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì.”

“Ẹ dúró ná, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n wọn ara yín wò.”

“Kí la tún fẹ́ wọ̀n? Ibà náà ni. Ṣé òní ni ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wá ní Festac ni?”

“Ẹ má bínú, Màámi. Wọ́n ti sọ fún wa ní ọsibítù. Ẹ ya ẹnu.”

Tẹmómítà fi 38.4 hàn. Kíá, ọmọ náà lọ wá mọ́tò, wọ́n sì gbéra.

Ọmọ yìí gbọ́n. Ìyá rẹ̀ náà kò purọ́ o: ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kòkòrò mìíràn ni ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Níbi tí sójà kò sí, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó jẹ́. Ọsibítù ni wọn yóò ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún méjèèjì, tí wọn yóò sì tètè fa oògùn sínú iṣan.

Nítorí náà, kí ẹ wọn ara ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó mu ẹ̀kọ tàbí tíì, nítorí ohun gbígbóná lè mú kí tẹmómítà purọ́. Omi tútù náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti mu nǹkan, ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹ fi tẹmómítà sí abẹ́ ahọ́n, ẹ pa ẹnu dé, títí yóò fi dún. Ẹ má lo parasítámọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí ó lè rọ ara gbígbóná lójú fún ìgbà díẹ̀, kí àìsàn sì máa jó lábẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí òtútù bá sì ń mú yín gbọ̀n, ẹ má dúró de nọ́ńbà kankan. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà: “Mo ń gba kímò, ara mi sì gbóná.” Ẹ má kàn jókòó sórí ìlà.

Ìwé tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n kọ, wúlò níbí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba kímò sí i, kí ẹ sì máa kọ nọ́ńbà tí tẹmómítà bá fi hàn. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọsibítù sára ògiri, àti ti onímọ́tò tí yóò gbé yín. Ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 yóò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó kan ẹnu. Èmi fẹ́ràn orín púpọ̀, n kò sì rò pé mo lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba kímò, kí ó fi í sílẹ̀ ná. Orín le, ó lè gún èrìgì, ojú ọgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò ń gbà wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó lò. Kí ó bu iyọ̀ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó fi ṣan ẹnu, kí ó sì tu ú dànù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní èrìgì tí kò dá, kí ó sọ fún dókítà.

Oúnjẹ àárọ̀ kì í rọrùn, nítorí èébì máa ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn kímò. Bí dókítà bá fún yín ní oògùn èébì, ẹ lò ó ní àkókò tí ó dá. Ẹ má dúró kí èébì kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹun díẹ̀díẹ̀. Abọ́ ńlá á kàn dẹ́rù bani ni. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kékeré dára, nítorí ẹ̀wà ń tún ara ṣe. Bí wákàtí méjì bá kọjá, ẹ tún jẹ díẹ̀ sí i. Kí oúnjẹ gbóná, kí ó sì jẹ́ èyí tí a sè lọ́jọ́ náà. Bí omi mímu kò bá dá yín lójú, ẹ sè é.

Àgbo ńkọ́? A kò bú àgbo. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ wá ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni wọ́n ń kó kímò kúrò nínú ara. Bí a bá tún gbé àgbo lé wọn lórí, ẹrù lè pọ̀ jù. Ohun tí ẹ bá ń mu, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Nígbà kan rí, wọ́n máa ń sọ fún aláìsàn jẹjẹrẹ pé kí ó kàn máa sinmi ṣáá. Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ púpọ̀ sọ pé ìrìn tàbí eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ń dín àárẹ̀ kù. Ẹ má fi 30 bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 tó, láti ẹnu ọ̀nà yín dé ilé kẹta sí i, kí ẹ sì padà. Festac tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún ọdún 1977 ní ọ̀nà gbọọrọ, afẹ́fẹ́ sì dára kí mọ́tò tó pọ̀. Lọ́jọ́ tí ara bá gbóná tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ má rìn.

Ará ilé, jẹjẹrẹ kì í ranni. Ẹ má ya abọ́ ìyá yín sọ́tọ̀. Ẹni tí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn ń ṣe ni kí ó jìnnà sí i fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ẹ bá a wọn ara lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó sùn, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé.