Ẹ Bá Ọmọ Sọ̀rọ̀, Kí Ẹ sì Dúró Gbọ́ Èsì

Fún ẹ̀yin ìyá, bàbá, ìyá àgbà àti alágbàtọ́ tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ yín

Inú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ dúró dìgbà tó bá mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ máa bá a sọ ọ́: "Ọwọ́ dà? Òun rèé. Etí ńkọ́?" Bó bá ní "bà-bà", ẹ̀yin náà ẹ ní "bà-bà", kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré ìdákẹ́ yẹn. Ibẹ̀ lọmọ ti ń wá èsì tirẹ̀. Àwa àgbà la máa ń kánjú bá a parí ọ̀rọ̀.

Bí ọmọ ọdún méjì bá ní "omi", ẹ ní, "Ṣé omi tútù lo fẹ́ mu?" Bó bá pe ọ̀rọ̀ kan ṣì, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ pè é bó ṣe yẹ nínú ìdáhùn yín, ó ti tó.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ti tó pa àlọ́ àpamọ̀ fún. Ẹ fi ohun inú ilé pa á.
"Àlọ́ o!"
"Àlọ̀!"
"Gbogbo ará ilé ló ń tì í, kò bá ẹnìkan jà."
Ilẹ̀kùn ni. Kí òun náà pa tirẹ̀, ì báà má tiẹ̀ bára mu.

Ẹ tún lè ní kó yára sọ ọ́ pé: "Nígbà kan, ìyá àgbà ra igbá ní igba náírà." Ẹ̀rín á pọ̀, etí rẹ̀ á sì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan lẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò rẹ̀yìn tẹgbẹ́ wọn.

Fóònù kò lè gbapò yín. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá. Láti ọdún méjì sí mẹ́rin, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́.

Bí ọmọ oṣù mẹ́fà kì í bá yíjú síbi tí ariwo ti wá, tàbí tí ti ọdún kan ààbọ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má dúró dọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára.