Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Wà Nínú 21

Ṣé o mọ̀ pé eré káàdì 21, tí wọ́n ń pè ní blackjack, ti dàgbà ju orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ lọ? Cervantes ará Sípéènì ti fi oníjìbìtì tó ń ta á sínú ìtàn kan tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1613!

Òfin rẹ̀ kò pọ̀: sún mọ́ 21 ju apínkáàdì lọ, má sì kọjá rẹ̀. Ọba, ayaba àti jáàkì, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n. Éèsì ni aláràbarà, ó lè jẹ́ 1, ó lè jẹ́ 11.

Èyí á yà ọ́ lẹ́nu: apínkáàdì kò láṣẹ àtironú! Bí tirẹ̀ bá jẹ́ 16, dandan ni kó gba káàdì sí i. Bó bá wọ 17 tí kò sí éèsì níbẹ̀, dandan ni kó dúró.

Òun náà máa ń kọjá 21 ní bíi ìgbà 28 nínú 100. Báwo wá ni ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń jèrè? Ìwọ lo kọ́kọ́ ń gba káàdì! Bí o bá ti kọjá, wọ́n ti kó owó rẹ; òun ì báà kọjá lẹ́yìn rẹ, owó náà kò padà mọ́.

O ní wàá kúkú máa ṣe bí apínkáàdì ṣe ń ṣe? Dákun, má dán an wò! Ẹni tó ń fara wé e máa ń pàdánù ju dọ́là 5 lọ nínú 100 tó bá ta. Níbi tí òfin tábìlì bá dáa, ẹni tó mọ ọ̀nà kì í pàdánù ju bíi àádọ́ta sẹ́ǹtì.

Ta ló wá rí ọ̀nà náà? Sójà mẹ́rin! Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott ló jókòó sí bárékè ní Aberdeen, ní Maryland, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ṣírò ọwọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn o! Ọdún 1956 ni iṣẹ́ wọn jáde, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn eré yìí.

Edward Thorp, olùkọ́ ìṣirò ní MIT, wá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà IBM 704, ó sì kọ ìwé lọ́dún 1962, tó fi kọ́ àwọn èèyàn láti máa ka káàdì tó ti jáde sórí kí wọ́n lè borí ilé tẹ́tẹ́. Jìnnìjìnnì bo Las Vegas! Wọ́n yí òfin eré padà lọ́dún 1964, àwọn oníbàárà sá, kíá ni wọ́n dá òfin àtijọ́ padà.

Bá mi dáhùn: 12 ló wà lọ́wọ́ rẹ, apínkáàdì ń fi 6 hàn, ṣé wàá gba káàdì sí i? Rárá o! Pẹ̀lú 6 yẹn, bíi ìgbà 42 nínú 100 ló máa ń kọjá 21.

Mẹ́jọ méjì di 16, ọwọ́ tó burú jù lọ: yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o fi owó sórí ìkejì. Mẹ́wàá méjì ńkọ́? Fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́. 20 kì í ṣe ohun tí à ń fọ́.

Éèsì àti mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń wá ní bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21. Àbí eré náà mọ orúkọ ara rẹ̀ ni?

Wo ohun tí wọ́n kọ sórí aṣọ tábìlì kí o tó jókòó! Níbi tí wọ́n kọ 3 sí 2, éèsì pẹ̀lú mẹ́wàá á fún ẹni tó ta dọ́là 10 ní 15. Níbi tí wọ́n kọ 6 sí 5, 12 péré ni. Sá fún tábìlì bẹ́ẹ̀, ó ń bí mi nínú.

Wọ́n tún ń ta ìńṣọ́ránsì nígbà tí éèsì apínkáàdì bá yọjú, ìyẹn tẹ́tẹ́ pé mẹ́wàá ni káàdì rẹ̀ kejì. Má rà á: káàdì mẹ́wàá gbọ́dọ̀ tó 1 nínú 3 kí owó tó lè pé ọ, 4 nínú 13 ló sì jẹ́.

Ẹ̀rù ìgbàgbé ń bà ọ́? Ní Las Vegas, wọ́n ń gbà kí èèyàn mú ìwé pélébé tí gbogbo ìdáhùn wà nínú rẹ̀ dání nídìí tábìlì, ṣọ́ọ̀bù inú ilé tẹ́tẹ́ gan-an sì ń tà á! Wọ́n mọ̀ pé èrè ṣì jẹ́ tiwọn. Nítorí náà, owó tí yóò sọnù tí ilé kò ní dàrú nìkan ni kí o mú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé Ken Uston pe ilé tẹ́tẹ́ lẹ́jọ́ torí pé wọ́n lé e, nítorí ó ń ka káàdì sórí? Lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ gíga jù ní New Jersey dá a láre!

Gbọ́ èyí tó kù: àwọn ọ̀gá eré yìí ní gbọ̀ngàn ìyìn tiwọn ní ilé tẹ́tẹ́ Barona, lẹ́bàá San Diego. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á máa jẹun, á máa sùn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, bí kò bá ṣáà ti ní ta káàdì ní tábìlì wọn láéláé!