Akíntọ́lá Dé, Ẹ̀kan Kógbá Wọlé

Lágbègbè Ara, nítòsí Ẹdẹ, oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún ọdún kan péré, akíntọ́lá ti gbà á nìyẹn. Ewé rẹ̀ mú ṣóńṣó lórí, iṣan mẹ́ta là á já láti ìdí, bí èèyàn bá sì fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń fún sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣèèṣì ṣá àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Ó ti mọ́ wa lára débi pé ọ̀pọ̀ rò pé ewé ilẹ̀ wa ni. Àlejò ni. Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, láti Florida títí dé Ajẹntínà. Àárín irúgbìn igi melina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka lọ́dún 1937 ni wọ́n gbà pé ó fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà, wọ́n sì rí i lágbègbè Enugu ní 1942. Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó nírun lórí, atẹ́gùn ọyẹ́ ló sì ń bá a tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan ń pè é ní akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹni tó bá rántí ìjà òṣèlú tó wà láàárín Akíntọ́lá àti Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1962 yóò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Kó tó dé, ẹ̀kan ni ọ̀tá àgbẹ̀. Gbòǹgbò ẹ̀kan mú bí abẹ́rẹ́, a máa gún iṣu nínú ebè. Bí wọ́n ro ó, á tún hù. Bí wọ́n sun ún, á tún hù. Òjìji nìkan ni kò lè fara dà. Akíntọ́lá ga ju èèyàn lọ, ẹ̀ka rẹ̀ a wọnú ara wọn títí oòrùn kò fi ní kan ilẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ẹ̀kan á rọ, ewé tó ń wọ̀ sílẹ̀ á sì di ọ̀rá ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò fi lè bú u tán.

Ẹni tó jàǹfààní jù lọ ni tata abìlà, aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú, tí ń rọra fò bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Kò bẹ̀rù lóòótọ́, nítorí májèlé wà lára rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí akíntọ́lá bá tanná, tata á gbọ́ òórùn òdòdó náà láti òkèèrè, wọ́n á ya bò ó. Michael Boppré, onímọ̀ kòkòrò ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé májèlé inú òdòdó yìí gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń kó o sára, wọ́n sì ń fi dáàbò bo ẹyin wọn.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, abẹ́ akíntọ́lá yìí kan náà ni wọ́n ń wọ́ jọ sí láti yé, torí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì tutù. Ẹyin á wà nínú ilẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù kẹwàá. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde, ewé mìíràn ti ń gbẹ, ẹ̀gẹ́ ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Wọ́n á jẹ ewé rẹ̀ tán, wọ́n á tún bó èèpo igi rẹ̀. Nígbà tí tata di ìṣòro ńlá ní gúúsù Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, akíntọ́lá wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ nàka sí.

Wọ́n kó kòkòrò kan wá láti máa jẹ akíntọ́lá ní àwọn ọdún yẹn, ṣùgbọ́n kò rẹ́sẹ̀ walẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ti tata, ọkọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́: àgbẹ̀ tó bá ṣọ́ ibi tí wọ́n yé sí, tó sì hú ẹyin náà síta, oòrùn á pa á.

Akíntọ́lá náà ti ń rí ẹni bá a du ilẹ̀. Jogbo, ará Mẹ́síkò, tí òdòdó rẹ̀ ń tàn bí wúrà lẹ́bàá títì lóṣù kọkànlá, ti ń gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní yunifásítì LAUTECH ti ń gé jogbo yìí ní tútù, wọ́n ń rò ó mọ́ ilẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀.