Ibi Tí Fíìmù Àwọn Àgbà Wọlẹ̀ Sí

Bàbá àgbàlagbà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onísíìdì ní Ìdúmọ̀tà, ó ń bèèrè fíìmù “Ayé” tí Hubert Ògúǹdé ṣe. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní kò sí, kí bàbá lọ wò ó lórí fóònù. Bàbá náà mi orí. Ó ní nígbà tí fíìmù ń fi ọkọ̀ rìn, òun rí i wò nílùú òun. Ìgbà tó wọ inú fóònù ló wá di àwátì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sún mi dé ìdí bí àwọn fíìmù wa ṣe ń pòórá.

Sinimá ló kọ́kọ́ dé, kásẹ́ẹ̀tì gba ipò rẹ̀, síìdì gba ti kásẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì sì gba ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 1982, ọdún “Ọ̀run Móoru”, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá aláwàdà tí gbogbo wa mọ̀, ló náwó sí fíìmù náà. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Kí Bàbá Sàlá tó rí owó rẹ̀ kó jọ, àwọn olè ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kiri. Àwọn èèyàn jókòó sí pálọ̀ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbèsè sì wọ oníṣẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Àwọn onífíìmù yòókù di rílì wọn mú. Wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n á fi hàn, wọ́n á sì kó o padà sílé. Ìṣọ́ra yẹn dáàbò bo owó wọn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí àwọn tí a bí lẹ́yìn wọn rí iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tó sì jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, agbára wọn kò ká sinimá mọ́, wọ́n bá yà sí fídíò orí kásẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ́kọ́ fi fídíò ṣe fíìmù tà? Àwọn kan ní “Living in Bondage” ni, tí Kenneth Nnebue gbé jáde lédè Igbo ní 1992. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àtità. Yorùbá kò gbà. Àwọn kan ní Adé Ajíbóyè ti gbé “Ṣoṣo Méjì” jáde ní 1988. Àwọn mìíràn ní rárá, Aládé Arómirẹ́ ni, pẹ̀lú “Ẹkùn”. Ohun tó dájú ni pé Nnebue gan-an ti náwó sórí fídíò Yorùbá kó tó ṣe ti Igbo. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ìyẹn lọ́wọ́ wa.

Bí síìdì ṣe dé, fíìmù tó ń tà ni àwọn mákẹ́tà dà kọ sí i; èyí tí kò tà bá kásẹ́ẹ̀tì lọ. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè gbé fíìmù àwọn àgbà sórí YouTube, kó gé e sí wẹ́wẹ́, kó fún un lórúkọ mìíràn, tí ẹni tó ń wá a kò fi ní dá a mọ̀ mọ́.

Síbẹ̀, ìrètí wà. “Shehu Umar”, fíìmù Hausa tí wọ́n ṣe ní 1976, wọ́n rí i ní ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ó dá mi lójú pé rílì Yorùbá náà wà nínú yàrá ìdílé kan, tí ooru ń bá jà. Ẹ̀rù olè ló tì wọ́n mọ́bẹ̀, ooru ló sì máa pa wọ́n. Kí àwọn ọmọ onífíìmù kó wọn jáde, kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì sanwó àtúnṣe wọn.