Ta Ló Ń Jẹ Èrè Títì Tuntun? Ẹ Jẹ́ Ká Rìn Káàkiri Letchworth

 

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba wá da ọ̀dà sí àdúgbò tí mò ń gbé. Inú gbogbo wa dùn, torí ẹrẹ̀ ti fojú wa rí màbo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lánlọ́ọ̀dù pè wá jọ, ó ní owó ilé ti lọ sókè. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kí lẹ tún ṣe sínú ilé?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ ò rí títì ni?" Bàbá ò kun ilé, wọn ò tún omi ṣe, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ sí ọ̀dà yẹn. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n jèrè, àwa la san án.

Ìbéèrè tó kù sí mi lọ́kàn ni pé: tí ilẹ̀ bá gbówó lórí nítorí títì, nítorí iná, nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀, ta ló yẹ kó jẹ èrè rẹ̀? Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dìídì tẹ̀ dó láti dáhùn ìbéèrè yẹn. Letchworth lorúkọ rẹ̀, ní Hertfordshire, lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ mú fóònù yín. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ Letchworth Garden City, kí ẹ wá wọ Street View. Ẹ wo àwọn òpópónà tí àwọn èèyàn ń gbé. Igi wà lọ́tùn-ún, igi wà lósì. Koríko wà láàárín títì àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ẹ ò ní rí fẹ́ǹsì gíga tó ní ìgò fífọ́ lórí. Igi kéékèèké tí wọ́n gé tẹ́jú ni wọ́n fi ṣe ọgbà. Wọ́n rẹ́ ògiri púpọ̀ nínú àwọn ilé náà lọ́nà tó máa ń rí hákahàka, wọ́n wá kùn ún ní funfun. Òrùlé wọn pupa, ó ga ṣóńṣó lókè, ó sì wálẹ̀ dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé kan sún sẹ́yìn, wọ́n sì yí pápá kékeré kan ká bí agbo ilé.

Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ilé tí wọ́n so mọ́ra lọ gbọọrọ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbé ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èéfín bo ojú ọ̀run, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé, owó ilé sì wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ebenezer Howard ń wo gbogbo ẹ̀. Howard kì í ṣe ayàwòrán ilé o. Akọ̀wé ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin sílẹ̀. Lọ́dún 1898, ó tẹ ìwé kan jáde, ó ní kí wọ́n kọ́ ìlú tuntun tí yóò ní iṣẹ́ àti ọjà bíi ti ìgboro, tí yóò sì ní atẹ́gùn àti ilẹ̀ bíi ti oko. Lọ́dún 1903, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n sì ra ilẹ̀ tó lé ní 3,800 éékà.

Raymond Unwin àti Barry Parker ni wọ́n ya ìlú náà. Ohun méjì ni Unwin dì mú. Àkọ́kọ́ ni pé kí ilé má ju nǹkan bíi 12 lọ lórí éékà kan. Lọ́dọ̀ wa, éékà kan jẹ́ plọ́ọ̀tì mẹ́fà, ìyẹn ni pé ilé kéékèèké méjì lórí plọ́ọ̀tì kan, pẹ̀lú ọgbà. Ẹ máa ní, ìyẹn á fi ilẹ̀ ṣòfò. Unwin ní rárá. Lọ́dún 1912, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde: tí o bá fún ilé mọ́ra, títì tí o máa là á pọ̀ sí i, owó títì á sì jẹ èrè tí o rò pé o jẹ lórí ilẹ̀.

Èkejì ni oòrùn. Ó ní ibi tí oòrùn á ti wọ yàrá tí èèyàn ń jókòó sí ni kí ilé kọjú sí, kì í ṣe títì nìkan. Àwa níbí, òjìji là ń wá. Níbẹ̀, oòrùn lówó.

Lọ́dún 1905, wọ́n ṣe àfihàn ilé olówó pọ́ọ́kú: ta ló lè kọ́ ilé fún £150? Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ṣì wà ní Wilbury Road. Pátákó kọnkéré tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní Liverpool ni wọ́n kó wá, tí wọ́n tò pọ̀ di ilé. John Brodie ló ṣe é. Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, Brodie yìí kan náà ló ronú àwọ̀n tó wà lẹ́yìn gólì.

Ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni kókó, ilẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ yẹn kò ta ilẹ̀ náà, ó ń fi í yáni fún ọdún gbọọrọ ni. Àwọn tó fi owó sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba èrè tó ju márùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí ìlú bá ṣe ń dàgbà, owó ilẹ̀ á máa lọ sókè, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á sì padà sí ìlú. Àwọn tó sọ ilẹ̀ di olówó iyebíye ni kó jẹ èrè rẹ̀.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì kọsẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, owó ilé ti ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ lébìrà lè san lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn oníṣòwò láti ìta ra ilé-iṣẹ́ náà mọ́ ará ìlú lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ò gbà. Wọ́n jà á débi pé ilé aṣòfin ṣe òfin kan lọ́dún 1962, wọ́n sì gba ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ àjọ ìlú. Lọ́dún 1967, òfin mìíràn jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ilẹ̀ àyálò ra ilẹ̀ abẹ́ ilé wọn. Bí èrè orí ilé ṣe bọ́ sọ́wọ́ onílé nìyẹn. Láti 1995, àjọ aláàánú kan tí wọ́n ń pè ní Letchworth Garden City Heritage Foundation ló di ìyókù mú. Owó tó ń wọlé lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilẹ̀ oko, ìlú náà ni wọ́n ń ná an lé. Sinimá ìlú wà lára rẹ̀. Àmọ́ ilé níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù mọ́. Tí o bá sì fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé ilé tìrẹ gan-an, ó lè di dandan kó o gbàṣẹ.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Òpópónà tó lẹ́wà kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi àti òrùlé nìkan. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí ẹwà yẹn máa ṣe lóore. Howard fẹ́ kí ìlú ni ín, ibi tí ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ìlú sì ni èrè ti kúrò.

Mo san owó ilé tuntun yẹn o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń tẹ owó náà ránṣẹ́ lórí fóònù, mo mọ ohun tí mò ń san. Kì í ṣe yàrá mi ló gbówó lórí. Títì ni.

Tí wọ́n bá ti fi títì gbówó lé yín lórí rí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó gbọ́ ọ lórí ètò. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.