Láti Májídùn Dé Ọ̀yìngbò Lórí Kẹ̀kẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Gbádùn Etí Ọ̀sà

Àwọn ará Èkó a máa wí pé Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí baálé ilé kan bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní òwúrọ̀ tí kò sì padà ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí nípa fífi kẹ̀kẹ́ ológeere najú láti abúlé apẹja Májídùn, ní ọ̀nà Ìkòròdú, títí dé Ọ̀yìngbò. Ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 25. Ó lè ṣe ara ní oore púpọ̀, bí a kò bá sọ ọ́ di eré ìje.

Kẹ̀kẹ́ gígùn ń mú kí ọkàn ṣiṣẹ́ dáadáa, ó ń fún iṣan ẹsẹ̀ lókun, kò sì di gbogbo ìwúwo ara lé orúnkún bí eré sísá ti ń ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ó máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń jókòó sí ọ́fíìsì tàbí sí ìsọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí ìjókòó pípẹ́ a máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kíyè sí nǹkan wọ̀nyí. Èkíní, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà yín. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ fi ṣúgà oníhóró sí àpò, nítorí ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èkejì, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù kan ṣáájú. Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ táyà, bíréèkì àti agogo wò. Ẹ gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù ni í máa fa ìrora orúnkún. Ẹ dé akoto, ẹ sì wọ aṣọ funfun tàbí aṣọ tí ó mọ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ó dára jù, nítorí ọkọ̀ kì í pọ̀ nígbà náà. Ẹ gbéra ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí oòrùn tó mú. Láti Májídùn dé Mile 12, Kẹ́tu, Ọ̀jọ́ta àti Maryland, ọ̀nà ńlá ni. Ẹ rọra máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ má sì wọ ojú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì BRT. Ní Pámgrove, ẹ lè yà sí Bàrígà, kí ẹ gba Àkókà lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ sí ara. Ní Àkókà ni Yunifásítì Èkó wà, tí a dá sílẹ̀ ní 1962, etí ọ̀sà gan-an ni ó sì wà. Afárá Third Mainland tí a ṣí ní 1990 wà lórí omi níbẹ̀. Ẹ fi ojú wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má gùn ún, ọkọ̀ asáré ló ni ín. Láti ibẹ̀, ẹ gba Yábà àti Adékúnlé dé Ọ̀yìngbò.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé eré yín kò pọ̀ jù? Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, tí ẹ sì lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ sinmi lábẹ́ ibòòji ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tó fún oúnjẹ ọ̀nà. Ọtí kò bá a mu rárá.

Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni, tàbí tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ooru ti ń mú un: ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ fún un lómi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ kántankàntan, tàbí tí ó dákú, ẹ má fi omi sí i lẹ́nu. Ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá.

Nígbà tí ẹ bá dé Ọ̀yìngbò, ẹ jẹun, ẹ ra èso ní ọjà, kí ẹ sì sinmi. Ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ padà lọ́jọ́ náà. Ẹ sùn sí ilé ìbátan, tàbí kí ẹ di kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìlera lọrọ̀.