Fótò ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́: ká kùn ún ni, àbí ká fi í sílẹ̀ ní dúdú àti funfun?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ògiri kan wà tí a máa ń lẹ àwòrán mọ́ fún ẹ̀kọ́ ìtàn. Lọ́dún kan, a rí fótò ọkọ̀ òfuurufú ogun Faransé kan, láti ìgbà ogun 1914 sí 1918. Dúdú àti funfun ni. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní òun lè fi kọ̀ǹpútà kùn ún, kí àwọn ọmọdé lè gbádùn ẹ̀. A ní ó dáa. Nígbà tó parí ẹ̀, ó wuyì gan-an. Àmì róbótó tó wà lára ìyẹ́ ọkọ̀ náà, ó kun etí rẹ̀ ní dúdú, ó fi àárín rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun.

Ó pẹ́ tó ti wà lára ògiri kí bàbá kan tó ti ṣe sójà rí tó yà kí wa. Bàbá wò ó títí, ó ní: « Ọmọ mi, ta ló ni ọkọ̀ yìí? Ti Faransé kọ́ o. » Akẹ́kọ̀ọ́ wa dọ̀bálẹ̀: « Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo ṣe rí i nínú fótò ni mo ṣe kùn ún. »

Kò sì purọ́. Fótò ló tàn án, ó sì tan àwa náà. Àmì ọkọ̀ ogun Faransé, búlúù ló wà láàárín, funfun yí i ká, pupa wá wà létí. Ṣùgbọ́n gíláàsì àti fíìmù tí wọ́n fi ń ya fótò nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí pupa rárá. Ohun tó bá pupa, dúdú ló máa ń jáde. Búlúù ní tiẹ̀, wọ́n ń rí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń jáde bíi funfun. Ẹ wá wò ó: búlúù di funfun, pupa di dúdú, ó tán! Ọkọ̀ pupa ti Manfred von Richthofen, ará Jámánì tí gbogbo ayé mọ̀, dúdú ló rí nínú fótò. Ẹ̀rí àwọn tó rí i lójú àti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ la fi mọ̀ pé pupa ni.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kun fótò àtijọ́, kó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí. Àwọn ọkọ̀ kan ṣì wà tí a lè fojú rí. Blériot XI tí Louis Blériot fi ré òkun kọjá láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1909, ó wà ní mùséè Arts et Métiers ní Paris. SPAD tí Georges Guynemer fi jagun wà ní mùséè ọkọ̀ òfuurufú ní Le Bourget. Ẹ̀rí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: fótò aláwọ̀ ti wà kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, ará Lyon, ti ń ta gíláàsì fótò aláwọ̀ láti 1907. Ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n pa láró ni wọ́n fi ṣe é, ẹ ò rí nǹkan! Àmọ́ ó ń fẹ́ kí nǹkan dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè yà á. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ló lè yà, tó bá ti ń fò, kò ṣeé ṣe.

Fótò tí ẹ̀yin fúnra yín bá yà lónìí ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀, torí ẹ ti rí àwọ̀ náà. Ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn ni kẹ́ ẹ rò. Concorde kan wà ní Le Bourget, F-BTSD, funfun ni. Ní 1996, wọ́n kùn ún ní búlúù fún ìpolówó Pepsi. Àwọ̀ búlúù sì máa ń fa ooru ju funfun lọ, bẹ́ẹ̀ ara Concorde ń gbóná gan-an tó bá ń sáré. Wọ́n ní kó má lo ju ìṣẹ́jú 20 lọ lórí eré méjì ìlọ́po ti ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí pẹ̀lú fótò dúdú àti funfun, kí ló fẹ́ tọ́ka sí?

Ṣùgbọ́n ẹ mú Junkers 52 ti Jámánì, èyí tí Faransé náà ń ṣe lẹ́yìn ogun tí wọ́n ń pè é ní Toucan. Ara rẹ̀ ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi páànù òrùlé wa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti ń pàdé lórí páànù yẹn ni ẹwà ẹ̀ wà. Dúdú àti funfun ló yẹ ẹ́, jàre. Nínú mùséè pàápàá, iná aláwọ̀ oríṣiríṣi àti aṣọ àwọn àlejò máa ń da fótò rú, dúdú àti funfun a sì gbà yín.

Ẹ yà á ní aláwọ̀ ná, kẹ́ ẹ tọ́jú ìyẹn, kẹ́ ẹ tó yí ẹ̀dà rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ti pa àwọ̀ rẹ́, kò lè rí i mọ́.

Ti àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sépíà, a ò fẹ́ràn ẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ń fi oògùn ṣe é kí fótò lè pẹ́. Ti kọ̀ǹpútà òde òní kò mú nǹkan kan pẹ́, ṣe ló kàn ń díbọ́n bí arúgbó.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ náà ṣe pàtàkì. Ṣebí ẹ mọ fótò ìgbéyàwó ọdún 1970 sókè tó wà nílé àwọn òbí wa, bó ṣe pọ́n kù? Àró kan nínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣá. Ti dúdú àti funfun tí wọ́n fi fàdákà ṣe, tí bàbá wọn yà ṣáájú, ṣì mọ́ kedere. Ẹ má gbé fótò aláwọ̀ kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà, bébà tó ń dán máa ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà padà sójú ẹni, èyí tí kò dán ló dáa fún ògiri.

Méjì ló wà lára ògiri wa báyìí: èyí tí wọ́n yà nígbà ogun, àti èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa tún kùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, a kọ ọ́ pé àwa la kùn ún, a sì kọ ibi tí a ti rí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ aṣọ ọkọ̀ náà kò dá wa lójú, a fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Àwọn ọmọ máa ń bi wá ìdí rẹ̀.